Ìwádìí Tí Mo Lọ Ṣe ní Abúlé Etí Ọ̀sà

Àgádágodo ni mò ń tà ní Adjamé Roxy, pẹ̀lú ìṣó, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ọ̀kadà, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ ògiri. Kò sí ẹni tó tà á pẹ́ tó mi ní gbogbo ọ̀wọ́ ìsọ̀ wa. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó dé ọjà kó béèrè Anango alágàádágodo, torí Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí, ọmọ kékeré ló máa mú un wá bá mi. Ìwé mi kò kọjá kíláàsì kẹta kí bàbá mi tó kó mi kúrò ní Ìgbòho wá sí Abidjan. Ṣùgbọ́n mo lè ka ènìyàn. Ẹni tó bá wá ra àgádágodo ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bó ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò lọ́wọ́ ni màá ti mọ̀ bóyá olè ló ń sá fún, tàbí onílé rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra àgádágodo lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mo ti fura. Ilẹ̀kùn mélòó ló wà nílé ènìyàn? Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe ní Niangon. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi àkọ́bí bá jókòó sí ìsọ̀ ló máa ń wá. Tó bá jẹ́ èmi ló bá, á ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ọmọ àwọn Ebrié ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Abidjan yìí kí gbogbo ayé tó wá bá wọn níbẹ̀. Abúlé wọn wà létí ọ̀sà, lẹ́yìn ìlú. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé lọ́jọ́ Àìkú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń mú àlejò kiri abúlé náà: wọ́n á fi igi àtijọ́ hàn wọ́n, ilé àtijọ́, igbó àwọn baba ńlá wọn, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn káàkiri.

Igbó yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Torí ọmọkùnrin yìí wá sílé mi, ó jókòó, ó ní òun ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, pé lẹ́mọ́ọ̀mù kan ní Niangon ló kọ́ òun ní ìrun kíkí. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè kírun nítorí obìnrin. Mo ti rí ẹni tó kírun nítorí ìsọ̀ lásán. Tó bá ń wólẹ̀ fún Ọlọ́run ní Niangon lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá ń bọ baba ńlá rẹ̀ lábúlé lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́? Àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ààwẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn fẹ́ wá tọrọ ọmọ, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Ọmọ mi ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, òun kò fẹ́ ẹnì kankan mọ́. Tí mo bá wá gbà, tí wọ́n wá fà á wọ ohun tí kò mọ̀, èmi ni Ọlọ́run máa bi.

Ní ilé wa, a kì í fi ọmọ fún ènìyàn láìṣe ìwádìí. Wọ́n á wá ẹnì kan tí ojú rẹ̀ kò hàn ní àdúgbò ọkọ, á lọ bí ẹni tó ṣìnà tàbí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, á tọrọ omi mu, á wá rọra máa bi àwọn aládùúgbò léèrè. Irú ènìyàn wo ni bàbá ọmọ yẹn? Ṣé wèrè kò sí ní ìdílé wọn? Ṣé wọn kì í lu obìnrin? Á gbọ́ tán, á dúpẹ́ omi, á lọ. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rán ní Abidjan? Àwọn ará Ṣakí tó wà ní ọ̀wọ́ wa, ohun tí wọ́n bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo ọjà ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ní màá lọ fúnra mi. Kò sì sí ẹni tó lè ṣe é tó mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo bọ́ agbádá sílẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó kan, mo de fìlà koríko tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, mo fi awò dúdú bojú, mo wọ bàtà kánfáàsì. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ibi tí mò ń lọ fún. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "Ta lẹ ń wá, músíyọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Bí obìnrin tó ti ń fọ aṣọ mi láti ìgbà èwe rẹ̀ kò bá mọ̀ mí, ta ló máa mọ̀ mí?

Láti Siporex ni mo ti wọ gbákà, bọ́ọ̀sì akérò kékeré, tó ń lọ sí ọ̀nà Dabou. Mo jókòó sẹ́yìn, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ibi tí mo sọ̀ kalẹ̀ sí, wọ́n gbé pákó kan síbẹ̀, wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí i, wọ́n ya igi ńlá, wọ́n sì ya ọ̀nì tó la ẹnu. Mo bi obìnrin tó ń ta àgbọn lábẹ́ pákó náà pé níbo ni ọ̀nì yìí wà. Ó ní kò sí ọ̀nì, pé ẹni tó yàwòrán ló rí i pé àyè kù. Mo mi orí. Bí wọ́n bá lè fi ọ̀nì kún abúlé wọn báyìí, kí ni wọn kò ní fi kún ìwà ọmọ wọn?

Àwa àlejò pàdé níwájú ilé olórí abúlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ láti Cocody, àti òyìnbó ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tí oòrùn ti sọ imú wọn di pupa. Ọmọkùnrin náà jáde wá, ó wọ ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ ìyeyè, ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan èmi. Ó wò mí lójú, ìyẹn ni pé ó wo awò mi, ó ní: "Bonne arrivée, tonton," ó sì kọjá sọ́dọ̀ òyìnbó.

Ọmọ tó jókòó sórí àga mi, tó jẹ iyán ìyàwó mi, tó tún bu ọbẹ̀ kún un. "Ẹ káàbọ̀, àǹkù," bí ẹni ń kí èrò ọkọ̀. Mo rò ó pé ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: yálà mo pa ara dà débi pé kò lè dá mi mọ̀, ìyẹn kò sì lè yà mí lẹ́nu, tàbí kó jẹ́ pé ojú méjì ló ní, ọ̀kan fún Adjamé, ọ̀kan fún ìlú rẹ̀, tí ojú ti ìlú rẹ̀ kò sì mọ bàbá ìyàwó kankan. Mo ní ká máa lọ. Màá rí i.

Ibi igi la kọ́kọ́ dé. Àràbà ni. Irú rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n mi ò purọ́, tiwọn yìí tóbi. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè bí ògiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ àárín rẹ̀, wọn kò sì hàn mọ́. Ọmọkùnrin náà ní ìlú àwọn kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan títí láé. Pé ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ìran kan ló máa ń mójú tó o, tí ọjọ́ wọn bá pé, wọ́n á fi í lé ìran tó tẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, tijótayọ̀, lábẹ́ igi yẹn. Òyìnbó béèrè pé ọdún mélòó ni igi náà. Mo nàró, mo ń retí irọ́. Ó ní: "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn tó bá a níbí náà kò mọ̀." Ẹlòmíràn á ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Mo gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ikùn mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rere.

A gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́ wọn, a gun òkè kékeré kan tí wọ́n ti ń wo ọ̀sà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ń di igi mú. Èmi kò di nǹkan kan mú. Ẹrù irin ni mo fi orí rù ní Adjamé nígbà tí àwọn òbí wọn kò tíì mọ ara wọn. Nígbà tí a dé òkè, ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó ní: "Tonton le," ó sì tún yíjú sí ibòmíràn kíákíá. Mo fura sí kíákíá yẹn.

Ní ìsàlẹ̀ òkè ni ilé àtijọ́ wà, ilé òyìnbó oníṣòwò kan nígbà tí epo pupa ṣì ń ti etí ọ̀sà yẹn lọ sí òkè òkun. Òrùlé rẹ̀ ti wó lápá kan. Àtẹ̀gùn irin rẹ̀ ti dípẹtà, àwọn àdán ló ń gbé òkè. Gbogbo wọn gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya àwòrán. Èmi wo ilẹ̀kùn. Àgádágodo tó wà lára rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àbúrò rẹ̀. Ará Ṣáínà ni, aláwọ̀ idẹ, tí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́. Irú rẹ̀ kún ìsọ̀ mi.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo sọ sókè, ní Faransé, pé àgádágodo yìí kì í ṣe ti òyìnbó àtijọ́ o, pé ti ọdún tó kọjá ni, kí wọ́n má fi tan àlejò jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí mi. Ọmọkùnrin náà kò bá mi jiyàn. Ó ní òótọ́ ni tonton sọ, pé àwọn olè já ilẹ̀kùn náà nítorí irin, pé àwọn ní láti ra àgádágodo tuntun. Ó ní: "Roxy la ti rà á, lọ́wọ́ Anango kan tí kì í dín owó rárá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi eyín hàn díẹ̀ kí wọ́n má bàa fura. Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi ga, ó sì bí mi nínú. Ṣé ó mọ̀ mí, tó ń fi mí ṣeré ni? Àbí kò mọ̀ mí, tó ń fi bàbá ìyàwó rẹ̀ pa ẹ̀rín níwájú àjèjì? Èyí tó wù kó jẹ́, kò dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn la kọjá sí ibi igbó. Kò tóbi bí mo ṣe rò ó. Igi dúdú dúdú ni, ọ̀nà tóóró kan wọ inú rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ tútù ni wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà náà. Wọ́n ní àlejò kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà la máa dúró sí, bàbá kan á sì sọ fún àwọn tó ni ibẹ̀ pé a wá kí wọn. Bàbá náà ti ń dúró dè wá, aṣọ funfun ló ró. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo bá wá. Ọmọkùnrin náà yà sí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nígbà tó jáde, ó gbé nǹkan dání, ó fi ọ̀rá dúdú wé e. Ìgò ni. Ẹni tó bá ti gbé ìgò rí mọ ìgò. Ẹni tí kò ní nǹkan í pa mọ́, kí ló ń fi ọ̀rá wé ìgò sí?

Mo ní nínú ara mi pé ó tán, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kò sí ìgbéyàwó. Bàbá aláṣọ funfun gba ìgò náà, ó tú ọ̀rá kúrò, ó ta ọtí díẹ̀ sílẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn tó ti lọ. Mo tẹjú mọ́ ọmọkùnrin náà. Kò dara pọ̀ mọ́ wọn, ó fà sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ife yí ká fún ẹni tó bá fẹ́, òyìnbó tọ́ ọ wò, akẹ́kọ̀ọ́ kan tọ́ ọ wò, òun kò gbà á. Ṣùgbọ́n ó gbé ìgò wá. Ọwọ́ tó gbé ìgò wá, kí ni mo mọ̀ nípa ohun tó ń ṣe nígbà tí àlejò kò sí?

Wọ́n ní ó kan ọkọ̀ ojú omi. Mo ní orí ń fọ́ mi, pé màá dúró sí ibòji. Ọmọkùnrin náà fẹ́ sọ nǹkan kan, kò sọ ọ́. Ó kó wọn lọ sétí omi, èmi sì yà sí abẹ́ àtíbàbà kan tí àwọn obìnrin ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe atiéké. Ìdí tí mo fi yà síbẹ̀ kò ju pé ibi tí obìnrin bá ti ń fi ọ̀bẹ bẹ nǹkan ni ìwádìí ti máa ń dáa jù.

Ìyá arúgbó kan ló jókòó sí àárín wọn, ó na ẹsẹ̀ síwájú, òkìtì ẹ̀gẹ́ ga níwájú rẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Faransé Abidjan ló ń sọ, ó ń fi Jula kún un. Ó ní: "Jókòó, Anango. Oòrùn á pa ọ́." Mo jókòó. Mo kí wọn, mo yin atiéké wọn, mo tọrọ omi, wọ́n fún mi, mo mu ún. Mo wá bẹ̀rẹ̀.

Mo ní: "Màmá, ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri yìí, ọmọ ta ni?"

"Ọmọ ènìyàn ni."

"Ṣé ọmọ dáadáa ni?"

"Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

Àwọn obìnrin yòókù fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní rárá o, mo kàn rí i pé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, pé ní ìlú báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ló jẹ́ pé ọtí ló ń sọ ọ́ lẹ́nu wọn. Mo ní ṣé òun náà máa ń mu díẹ̀.

Ìyá náà dá ọ̀bẹ dúró. Ohun tó yí lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó ní: "Ìbá máa mu. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọmọ yẹn kò fẹnu kan ohun tí a bá bù fún àwọn bàbá rẹ̀. Èmi ni mo bí ìyá rẹ̀. Orúnkún mi kò gbé mi dé ẹnu igbó mọ́, mo ní kó máa bá mi gbé ìgò lọ, iṣẹ́ tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi ṣe láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Ó ń fi ọ̀rá wé e kó tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni gbé òkú eku. Tó bá gbé e dé, á lọ fọ ọwọ́. Lójú mi báyìí. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin ní kó kẹ́rù jáde nínú ilé. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń bá a jà. Láàárọ̀ yìí, mo bá a jà."

Obìnrin kan fọwọ́ kàn án léjìká. Ó gbọn ọwọ́ náà dànù, ó tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bó ṣe rí nínú mi. Ìyá náà ń fi omijé fẹjọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ sùn, inú èmi sì ń dùn. Ohun tó ń dùn ún yẹn gan-an ni mo wá wò. Ọ̀rá tí mo ti fi dá a lẹ́bi ló ń dá a láre báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta àgádágodo kì í yára gba ilẹ̀kùn gbọ́. Mo ń rò ó lọ́wọ́ pé bóyá wọ́n kọ́ ìyá yìí ní ohun tó máa sọ, ni òun gan-an bá sọ̀rọ̀.

"O ti gbọ́ ohun tí o wá gbọ́, àbí? Yọ awò yẹn báyìí, ká jọ sọ̀rọ̀."

Mo ní: "Awò wo, màmá?"

"Ìwọ ni bàbá ọmọbìnrin náà. O bo ojú, o gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ọwọ́ mi lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láìrò ó. Àbàjà ni mo kọ, bàbá bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi ní Ìgbòho, iṣẹ́ akọlà tó mọṣẹ́ dunjú, kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo Adjamé. Mo ti fi àwọn ilà yẹn yangàn kiri ọjà débi pé mi ò rántí pé wọ́n wà lójú mi. Mo yọ awò. Mo ní ta ló sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Ó ní: "Ìyàwó rẹ sọ fún ọmọ rẹ, ọmọ rẹ sọ fún ọmọ mi. Ọmọ rẹ ló sọ fún un pé ní ìlú yín, tí ẹnì kan bá wá wo ilé àna, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Wọn kì í kí i bí àna àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá kí ọ, ó ti dójú tì ọ́ nìyẹn. Látàárọ̀, ọmọ yẹn kò jẹun. Ó ní inú rẹ á ti máa bàjẹ́ pé òun kò kí ọ."

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń ṣe é nílé. Ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ìwádìí ló bá wá, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á máa wo ibòmíràn, ọ̀wọ̀ tó ga jù nìyẹn. Mo ti pẹ́ ní Abidjan débi pé mo jókòó sínú ọ̀wọ̀ náà látàárọ̀, tí mo ń pè é ní àfojúdi. Ta ló sì rántí rẹ̀? Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Treichville níbí, tí mo bá fi Yorùbá pè, tó máa fi Faransé dáhùn. Mo rò pé kò gbọ́ ìdajì ohun tí mò ń sọ nílé. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń tò ó pamọ́. Ọmọ mi ni.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ayọ̀ fọ́ mi lójú. Mo ní: "Màmá, ẹ wá mọ̀ pé mò ń bọ̀. Kí ló máa jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ kò gbálẹ̀ dè mí?"

"A gbá a. Ṣé ìdọ̀tí lo fẹ́ wò ni? Ìjà tí mò ń bá ọmọ mi jà kò ṣeé gbá. Ká ní o wá ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, o máa bá a nílẹ̀."

Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó wá kọjú sí mi dáadáa.

"Ó kàn mí báyìí. Ẹ̀yin Anango, ẹ máa ń wá, ẹ ń tà, ẹ ń bímọ. Lọ́jọ́ kan ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó lọ. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, obìnrin yín kan máa ń gbé abọ́ wá tà níbí, ọ̀rẹ́ mi ni, inú yàrá mi ló ń sùn tílẹ̀ bá ti ṣú. Mo jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó ti lọ sílé. Kò dágbére fún mi. Nínú gbogbo ọmọ ọmọ mi, èyí nìkan ló kù tó mọ ọ̀nà igbó yìí, tó sì ń fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Ṣé o fẹ́ mú un lọ ni? Tí ọmọ rẹ bá bímọ fún un, ṣé wọ́n á wá síbí, àbí wàá ní ilẹ̀ kèfèrí ni?"

Ọ̀rọ̀ kèfèrí yẹn, inú yàrá mi ni mo ti sọ ọ́. Etí ìyàwó mi nìkan ló gbọ́ ọ. Mo rí i pé nílé mi, èmi nìkan ni mi ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ títí màá fi délé.

Mo lè purọ́ fún un. Oníbàárà tí mo ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tù nínú pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí, ojú tí èmi náà fi ń wo ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́ wò lọ́wọ́ ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í purọ́ fún un, á mọ̀ ni.

Mo ní: "Wọ́n á wá. Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, wọ́n á wá. Ṣùgbọ́n wọn ò ní mu nínú ìgò yẹn, wọn ò sì ní kọjá imọ̀ ọ̀pẹ yẹn."

"Ta ló ń fún ọmọdé lọ́tí? Wọ́n á dúró síbi tí bàbá wọn ń dúró sí. Ibẹ̀ náà, ilẹ̀ wa ni."

"Ní ti pé màá mú un lọ, màmá, èmi fúnra mi kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa sin mí sí. Mo kọ́ ilé sí Ìgbòho, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kò sí ẹni tó kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ayálégbé ló ń gbé inú rẹ̀. Ìsọ̀ mi wà ní Roxy. Mi ò gbé e lọ sí ibì kankan. Tó bá sì di ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, màá wá dágbére fún yín."

Ó wò mí títí, mo sì jẹ́ kó wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ tán. Ìdajì ló jọ pé ó gbà, ìyókù, á máa wò ó bó ṣe ń lọ. Bí èmi náà ṣe rí nípa tirẹ̀ nìyẹn. Ó nawọ́ sí etí omi, ó ní wọ́n ti ń bọ̀, pé kí n lọ tú ọmọ náà sílẹ̀ kó lè jẹun.

Mo dìde, mo fi fìlà àti awò sílẹ̀ lórí àpótí tí mo jókòó lé. Ọkọ̀ ojú omi náà ń súnmọ́ bèbè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo, omi ti ta sí wọn lára. Ọmọkùnrin náà dúró ní ìdí ọkọ̀, ó ń fi àjẹ̀ tì í wọlé. Ó rí ojú mi láìsí awò. Ó dúró. Ó ṣì ń wo ibòmíràn, ọmọ tó gbọ́ràn, ó ń wo orí igi àgbọn bí ẹni pé ohun kan wà níbẹ̀.

Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, sókè, kí gbogbo etí omi lè gbọ́: "Ọmọ mi, o ò kí mi látàárọ̀."

Ó ju àjẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó fò sínú omi tó dé e ní orúnkún, ó gun bèbè wá, ó sì nà gbalaja síwájú mi lórí ẹrẹ̀, ó ní: "Ẹ káàbọ̀ sílé wa, Bàbá." Ohùn ọmọ mi ni mo gbọ́ nínú Yorùbá rẹ̀, bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn àlejò kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó òyìnbó rò pé ara ohun tí wọ́n ń fi han àwọn ni, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya wá.

Mo wò ó dáadáa kí n tó ní kó dìde, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n á ká orúnkún díẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti dọ̀bálẹ̀. Mo tẹ̀ ba, mo yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹrẹ̀ ti gba ẹ̀wù ìyeyè náà láti ọrùn dé ìdí.

Mo ní kó lọ jẹun. Mo ní tó bá jẹun tán, kó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé lẹ́yìn ààwẹ̀ ni mò ń retí wọn.